“Kí Ló Dé Tí O Fi Fẹ́ Ṣe Nọ́ọ̀sì?”: Àròkọ Ìdí Fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Yóò Kọ́kọ́ Dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Nínú Ìdílé Rẹ̀

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dúró de ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, yálà ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin tàbí ní òkè òkun: “Kí ló dé tí o fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí?” Ọmọ tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà rí ti gbọ́ ìdáhùn nídìí oúnjẹ alẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ti ọmọ tí ó jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú ìdílé rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò rí ẹni tí yóò bi léèrè. Ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé yóò há gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí: ó fẹ́ gba ẹ̀mí là, ó fẹ́ràn ọmọnìyàn, ó fẹ́ sin orílẹ̀-èdè rẹ̀. Gbólóhùn wọ̀nyí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi wọ́n wọlé lè rí àyè gbà. Bí iṣẹ́ alẹ́ bá wá le, tí owó ilé-ìwé bá sì wọ́n, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí yóò fi dá ara rẹ̀ lóhùn.

Èrò iṣẹ́ yìí ni pé kíláàsì Yorùbá ni ibi tí ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wá ìdí tirẹ̀ rí. Aláìsàn tí ó kọ́kọ́ tọ́jú, inú ilé ni ó ti tọ́jú rẹ̀, èdè ilé ni wọ́n sì jọ sọ. Bí a bá gba èdè náà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó ń wá ìdí, a ti gba ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń kọ èyí fún olùkọ́ tí ń kọ́ àròkọ ní SS 2 àti SS 3, àti fún àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ ọ̀la ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Olùkọ́ èdè mìíràn lè fi èdè tirẹ̀ dán an wò. Ìhun èdè yóò yàtọ̀, iṣẹ́ náà kò ní yàtọ̀ púpọ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ mi lọ sí Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò níbẹ̀. Ọmọ tí a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa gbọ́ Zarma àti Hausa lọ́jà, Faransé ní ilé-ìwé, Yorùbá nínú yàrá. Ohun tí ó fara sin nínú kíláàsì wa ní Ọ̀ṣun tàbí Ògùn hàn gbangba lọ́hùn-ún: èdè tí a fi ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí èdè tí a fi ń kọ́ ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n wọ́gi lé e. Ní Niger, ìwé òfin tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2025 sọ Hausa di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sí ipò èdè iṣẹ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́, olùkọ́ tí ó ní ìṣẹ́jú ogójì lọ́wọ́ fún àròkọ Yorùbá ṣì lè fi í ṣe ohun tí ó nítumọ̀.

Ohun tí “kí ló dé” ń béèrè

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìbéèrè náà fúnra rẹ̀. “Kí ló dé” ni “kí ni ó dé”. “Dé” ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó dé. Ẹni tí ó bi wá bẹ́ẹ̀ kò béèrè èrò wa lórí ìwòsàn. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó ń béèrè, ohun tí ó wọlé tọ̀ wá tí a fi di ẹni tí ń wá iṣẹ́ yìí. “Nítorí kí ni” ń béèrè ìdí lọ́nà tí ó súnmọ́ ti ilé-ẹjọ́ díẹ̀. “Èéṣe” lè ní ìbáwí nínú bí ohùn ẹni tí ń béèrè bá le. “Kí ló dé” ni ó ń retí ìtàn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn pé “mo fẹ́ràn ọmọnìyàn” kò tíì dáhùn, nítorí kò sọ ohun tí ó dé.

Ìhun kejì tí ó yẹ kí a fi han akẹ́kọ̀ọ́ ni “tí … fi”. “Ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì”: ẹ yọ “fi” kúrò, gbólóhùn náà yóò mẹ́hẹ. “Fi” ni a sì ń lò fún ohun èlò, bí a ti ń sọ pé “ó fi ọ̀bẹ gé iṣu”. Mo máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ka ìdí sí ohun tí a dì mọ́wọ́, tí a fi ń ṣe nǹkan. Àwọn onímọ̀ gírámà lè bá mi jiyàn lórí bóyá “fi” méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Fún ìlò kíláàsì, ìfiwéra náà tó wa lò.

Ibi tí ó lọ́ràá jù ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ ohun tí ọkàn ń fẹ́. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́rin yìí sí ojú pátákó:

Mo fẹ́ di nọ́ọ̀sì.
Àánú àwọn aláìsàn ṣe mí.
Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wù mí.
Mo pinnu láti di nọ́ọ̀sì.

Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹrin, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni olùwà. Nínú ìkejì, àánú ni olùwà, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sì jẹ́ àbọ̀. Nínú ìkẹta, iṣẹ́ ni olùwà. Iṣẹ́ náà ni ó ń ṣe nǹkan sí ẹni náà. Ọmọ Yorùbá ti mọ ìlò yìí kí ó tó gbọ́ orúkọ olùwà àti àbọ̀ rárá. Ohun tí a lè fi kọ́ ọ ni pé ìdí máa ń rin ìrìn-àjò. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti jẹ́ àbọ̀, yóò sì dé ibi tí a ti di olùwà: àánú ṣe mí, ó wù mí, mo pinnu. Àròkọ tí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mo fẹ́” ti fo ìrìn-àjò náà. “Fẹ́” ń dáhùn “kí ni?”, kò dáhùn “kí ló dé?”

Ẹ wá fi èyí wé bí a ti ń sọ ìrora lédè wa: orí ń fọ́ mi, inú ń run mí, ẹ̀yìn ń ro mí, ojú egbò ń ta mí, ara ń yún mi, òòyì ń kọ́ mi. Ẹ̀yà ara tàbí àìsàn ni olùwà, ẹni tí ń jìyà ni àbọ̀. “Orí ń fọ́ mi” àti “iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wù mí” jọ ní ìhun kan náà. Kò pọn dandan kí a fa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé yọ láti inú èyí (mo ti ka àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn), ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí i kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́.

A kò lè fi gbólóhùn alátẹnumọ́ sílẹ̀. “Àìsàn ìyá mi ló mú mi ronú iṣẹ́ yìí.” “Ló” níbẹ̀ ń ya ohun kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀pọ̀. Ọmọ tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ ti yan ọ̀kan. Bí ó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin fún ohun mẹ́rin nínú ìpínrọ̀ kan, kò tíì yan.

Ilé oníṣègùn kan létí Odò Ọya

Létí Odò Ọya ni Niamey wà, odò kan náà tí ó gba Jẹ́bà kọjá lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1926 ni ó ti jẹ́ olú-ìlú. Ẹni tí mo fẹ́ kí olùkọ́ mú wá sí kíláàsì láti ibẹ̀ ni Damouré Zika, tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1923 sínú ìdílé Sorko ní ìwọ̀-oòrùn Niger. Àwọn Sorko ni apẹja odò náà, ìṣègùn sì jẹ́ ohun tí ìdílé rẹ̀ ń jogún láti ìran dé ìran. Ìyá rẹ̀ àgbà, Kalia, jẹ́ ẹni tí a máa ń wá lọ bí ọ̀ràn bá le. Ní ọdún 1942, àrá pa òṣìṣẹ́ mẹ́wàá níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Jean Rouch, ará Faransé tí ó jẹ́ onímọ̀ẹ̀rọ lórí iṣẹ́ náà nígbà náà, tí ó sì di gbajúgbajà nínú iṣẹ́ sinimá lẹ́yìn ìgbà náà, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Damouré, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ni ó sọ fún un pé ìyá àgbà òun mọ ọ̀rọ̀ náà. Dongo ni òrìṣà àrá lọ́dọ̀ wọn, bí Ṣàngó ti jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí yóò ṣòro fún láti lóye ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ obìnrin náà.

Ọmọ-ọmọ Kalia yìí di nọ́ọ̀sì. Ó wọ aṣọ ìwòsàn òde òní láì bọ́ ti ilé rẹ̀ sílẹ̀: ó ṣí ilé ìwòsàn ní Niamey níbi tí ó ti ń lo ìṣègùn ìbílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ ìlera lórí rédíò orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kópa nínú púpọ̀ nínú sinimá Rouch, Jaguar àti Petit à petit wà lára wọn. Ní ọdún 1992, nínú sinimá kúkúrú kan tí ń jẹ́ Damouré parle du sida, ó jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ àrùn éèdì. Ó kú ní Niamey ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 2009. Ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ti ìjọba ní Niamey ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí ìtàn yìí ń ṣe fún wa nínú kíláàsì ni pé ó ń tún ọ̀rọ̀ “ẹni àkọ́kọ́” ṣe. Nígbà tí a bá ní ọmọ kan ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé rẹ̀, ìwé nìkan ni ó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìtọ́jú aláìsàn ti wà nínú ilé náà ṣáájú rẹ̀. Ẹnì kan ti se àgbo rí, ẹnì kan ti gbé ìkókó lọ́wọ́ mọ́jú, ẹnì kan ti fi omi tútù nu ara ẹni tí ibà ń ṣe. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a bá fi yé bẹ́ẹ̀ kì í rò mọ́ pé òun ń lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn òun kò ní ohun kan í sọ nípa rẹ̀. Ó sì tún dára kí àwọn ọmọkùnrin rí i pé ọkùnrin ni nọ́ọ̀sì yìí.

Ti Kofowórọlá Abẹ́ní Pratt, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1915, yàtọ̀. Ilé rẹ̀ kò ṣaláìmọ̀wé, kò sì ṣaláìní. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wù ú láti kékeré. Bàbá rẹ̀ ni kò fẹ́ ẹ fún ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ni ó bá di olùkọ́. Ọdún 1946 ni ó tó bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas. Ó padà sílé ní 1954. Ní 1964, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tí akitiyan wọn bí ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965. Àjọ Alágbèélébùú Pupa fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973. Ó kú ní 1992. Mo máa ń lo ìtàn rẹ̀ fún ohun kan pàtó: kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí bí àyè tí ó wà láàárín “ó wù ú” àti “ó pinnu” ti lè gùn tó, àti pé ìdílé a máa dúró sí àárín méjèèjì nígbà mìíràn.

Àpẹẹrẹ àròkọ kan

Èmi ni mo hun àròkọ tí ó tẹ̀lé yìí fún ìlò kíláàsì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan pàtó. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò Yorùbá ní Niamey.

“Ìyá mi ń ta aṣọ lọ́jà. Wọ́n gbọ́ Hausa àti Zarma dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ Faransé. Bàbá mi kò kàwé kọjá ìwé kẹrin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ara ìyá mi kò yá ní àsìkò òjò kan, tí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ béèrè lédè Faransé pé níbo ni ó ń dùn wọ́n. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní, ‘Sọ fún wọn pé inú ń run mí nísàlẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ẹ̀yìn sì ń ro mí láti àná.’ N kò mọ bí mo ṣe lè ya ‘run’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ro’ lédè Faransé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Mo ní ó ń dùn wọ́n níkùn. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi wo ojú mi, wọ́n ní, ‘Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn?’ Mo ní, ‘Èyí tí mo mọ̀ ọ́n pè ni mo sọ, Màámi.’

“Wọ́n fún wa ní oògùn ikùn. Ní ọjọ́ kẹta, a tún padà lọ. Nọ́ọ̀sì mìíràn ni a bá, ó gbọ́ Hausa. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ìyá mi gan-an ni ó bi, àwọn méjèèjì sì jọ sọ̀rọ̀ títí. Ó fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí lẹ́yìn. Kíndìnrín ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti ń wù mí. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tàbí aṣọ funfun ni mo rò. Bí ó ti béèrè ọ̀rọ̀ ni.

“Nígbà tí mo fẹ́ parí ìwé mẹ́wàá, bàbá mi ní kí n wá máa bá ìyá mi mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí nínú wa, ẹ̀rù owó rẹ̀ sì ń bà wọ́n. Mo rán wọn létí ọjọ́ tí a lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi ni ó fèsì. Wọ́n ní, ‘Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ. Ó kéré tán, yóò gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ fún un.’ Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé, tí mo fi pinnu.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni náà kò sọ níbì kan pé òun fẹ́ràn ọmọnìyàn. Ohun tí ó dé wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò tó. “Wù” fara hàn lẹ́ẹ̀kan, “pinnu” lẹ́ẹ̀kan, ọdún púpọ̀ sì wà láàárín wọn. “Fẹ́” tí ó wà níbẹ̀, “mo fẹ́ parí”, kì í tilẹ̀ ṣe ti ìfẹ́-ọkàn. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè ìdí tí ọmọ náà fi pe òbí rẹ̀ ní “wọ́n” tí ó sì pe nọ́ọ̀sì kejì ní “ó”. Ìbéèrè dáadáa ni. Ọ̀wọ̀ òbí kò ṣeé yọ sílẹ̀. Bí a bá sì pe gbogbo wọn ní “wọ́n”, òǹkàwé kò ní mọ ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹni. Irú ìpinnu báyìí ni a ń pè ní ìmọ̀ ọ̀nà ìkọ̀wé, kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè kọ́ ọmọ wa ní èyí.

Nínú kíláàsì

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ti àkọ́kọ́ ni ìbéèrè àti ọ̀rọ̀-ìṣe, bí a ti ṣàlàyé rẹ̀ lókè. A kò ní kọ àròkọ ní ọjọ́ náà. Iṣẹ́ àmúrelé ni kí akẹ́kọ̀ọ́ bi àgbà kan nínú ilé pé: ta ni ó máa ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé yìí nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí ni ó sì fi ń tọ́jú wọn? Kí ó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àgbà náà gan-an, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè rẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe tún Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìkálẹ̀ kọ sí Yorùbá àjùmọ̀lò ní ìpele yìí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ó máa ń dùn mọ́ wọn jù. A ó kó ọ̀rọ̀ ìrora jọ láti inú ohun tí wọ́n mú bọ̀ wá, a ó sì tò wọ́n: èwo ni ti orí, èwo ni ti oríkèé, èwo ni ti awọ ara, èwo ni ó ń wá tí ó sì ń lọ. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta yóò jáde síwájú. Ọ̀kan ni aláìsàn, ọ̀kan ni nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀kan ni ògbufọ̀. A ó fún ògbufọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ìrora, “dùn”. Aláìsàn yóò ní orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun, ojú egbò ẹsẹ̀ sì ń ta òun. Kí nọ́ọ̀sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, kí ó kà á sókè. Kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ tó béèrè oògùn tí wọn yóò fún ẹni náà.

Ìgbà yìí ni ẹnì kan nínú wọn máa ń sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ ìwòsàn tí ó pé ní Yorùbá. Kí olùkọ́ má ṣe bínú. Kí ó rán wọn létí iṣẹ́ Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Niger náà ti ní ilé-ìwé tí ń fi èdè ìlú àti Faransé kọ́ ọmọ láti ọdún 1973. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí ni a ń dá. Èyí tí ó wà, tí a kò kọ́ ọmọ, ni mo kà sí àdánù tòótọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni kíkọ, ojú ìwé méjì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò wù lè fi iṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún: àìsàn inú ilé jẹ́ àṣírí ilé. Kí a sọ fún wọn ṣáájú pé wọ́n lè yí orúkọ, ìlú àti irú àìsàn padà, àti pé a kò ní ka iṣẹ́ ẹnikẹ́ni sókè láìgba àṣẹ rẹ̀. Mo ti rí kíláàsì tí ọmọ kan dákẹ́ fún odindi táàmù nítorí pé a ka ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí olùkọ́ kì í fẹ́ gbọ́

Ọmọ kan yóò kọ pé owó ni. Òmíràn yóò kọ pé òun fẹ́ lọ sí òkè òkun. Ìròyìn wà nílẹ̀ fún wọn. Wọ́n mọ̀ pé ní ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nílé kí àjọ náà tó jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun, wọ́n sì rí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó jáde fi ẹ̀hónú hàn. Olùkọ́ tí ó bá gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ òtítọ́ yìí ti kọ́ gbogbo kíláàsì láti padà sí “mo fẹ́ gba ẹ̀mí là”.

Gírámà ni kí a fi bá a ṣiṣẹ́. “Nítorí pé” ń wo ẹ̀yìn. “Kí … lè” ń wo iwájú. “Mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì kí àbúrò mi méjèèjì lè parí ìwé” jẹ́ ìdí tí ó ní ọlá, pàápàá lẹ́nu ọmọ tí ó jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ gba owó oṣù nínú ilé. Ìdí àkọ́bí ni. Ṣùgbọ́n ó ku ìdajì. Kí olùkọ́ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí etí ìwé rẹ̀: kí ló dé tí ó fi jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kì í ṣe òwò? Owó ń sọ ìdí tí a fi ń ṣiṣẹ́. Kò sọ ìdí tí a fi yan èyí. Nínú ìrírí mi, orí ìbéèrè kejì yìí ni ọmọ tí ó kọ “owó” lójú ìwé àkọ́kọ́ ti máa ń mẹ́nu kan bàbá àgbà tí òun máa ń wẹ̀ fún.

Ní ti máàkì, kí ìpín tí ó pọ̀ jù lọ sí ọ̀dọ̀ ohun tí ó dé: ṣé a rí i, ṣé a gbọ́ ohùn ẹni tí ó wà níbẹ̀? Kí ohùn orí ọ̀rọ̀ àti àmì ìsàlẹ̀ gba ìpín tirẹ̀, nítorí pé “run” àti “ro” kò gbọdọ̀ dàrú nínú irú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni “ọgbẹ́” àti “ọ̀gbẹ”. Kí a má ṣe gba máàkì kankan lọ́wọ́ ẹni tí ó lo ọ̀rọ̀ àyálò bí abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì tàbí mátírọ̀nù. Ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n ti dà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú iṣẹ́ tí a ti yẹ̀ wò náà lọ sílé, kí ó kà á sókè fún àgbà tí ó bi léèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá bí àgbà náà kò bá mọ̀wé. Kí ó kọ ohun tí àgbà náà ní kí ó tún ṣe sí ẹ̀yìn ìwé. Máàkì márùn-ún ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe yìí.